Wọ́n Jí Àná Gbé

Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ìròyìn wa ń jáde ní Ìjerò,
ojú ewé mẹ́rin, tádàá rẹ̀ kì í tètè gbẹ.
Ojú ewé kẹrin ni tèmi.
Ọ̀sẹ̀ yẹn, Ọlọ́fínlúà ni mo gbé sórí àwo,
ọ̀gbẹ́ni orí rédíò tí í fi aago mẹ́fà àárọ̀ sunkún ayé:
obìnrin ń wọ ṣòkòtò, ọmọdé ń fọwọ́ òsì gba nǹkan,
ẹgbẹ́ tuntun fẹ́ sọ ilé ìwé di ilé ijó.

Mo sọ ọ́ di Olóyè Àná,
tó sáré dé àgọ́ ọlọ́pàá láìwọ bàtà,
tó ní wọ́n jí àná òun gbé.
Sájẹ́ǹtì ní, "Báwo ló ṣe rí?"
Ó ní, "Ó mọ́ tónítóní. Ó máa ń dọ̀bálẹ̀.
Kọ́bọ̀ mẹ́ta ló fi ń ra búrẹ́dì."
Mo wá fi iyọ̀ sí i níparí:
pé bí inú bá bí Olóyè,
Yorùbá orí rédíò a já bọ́ lẹ́nu rẹ̀,
ilé a di ulé,
"Ẹ dá mi padà sí ulé mi!"

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ó ti kárí ìlú.
Àwọn ẹgbẹ́ tiwa ti rẹ́rìn-ín kí wọ́n tó ṣí i.
Àwọn ẹgbẹ́ kejì ti bínú kí wọ́n tó rà á,
wọ́n sì rà á, méjì méjì,
ọ̀kan fún kíkà, ọ̀kan fún yíya.
Sọ̀jí onígbàjámọ̀ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara dígí,
oníbàárà kan dìde pẹ̀lú ìdajì orí,
ó ní òun ò lè fá irun níbi tí wọ́n ti ń bú àgbà.
Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi dé fìlà kiri.
Fámúrewá tó ń wa típà ní kùsà
ní òun ò kà á, ṣùgbọ́n òótọ́ pọ́ńbélé ni.
Ọ̀gá Agúnbíadé, tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìwé,
fi bírò pupa sàmì sí i, ó dá a padà fún mi:
atẹ̀wé ti jẹ àmì orí ọ̀rọ̀ kan,
àná di àna.
Ìdí nìyẹn tí ìyàwó Ìlésanmí fi wá ká mi mọ́ ẹnu ọ̀nà,
tó ń bi mí pé àna ta ni wọ́n jí gbé,
ṣé kì í ṣe tiwọn tó lọ sí Ìdó láti Ọjọ́rú.

Ọlọ́fínlúà fúnra rẹ̀? Ó kà á lórí afẹ́fẹ́
látòkè délẹ̀, kò fo ọ̀rọ̀ kan.
Ó ní, "Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè yín."
Àwọn tó ń gbọ́ ọ sì pọ̀ sí i.

Mo délé. Bàbá mi jókòó ti rédíò rẹ̀,
èyí tí mo fi rọ́bà dì nídìí lọ́dún méjì sẹ́yìn,
òkúta bátìrì wà lójú fèrèsé, ó ń yá oòrùn.
Ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́.
Ó ní kí n ka ohun tí gbogbo ìlú ń pariwo lé lórí.
Mo kà á. Ti sájẹ́ǹtì pa á lẹ́rìn-ín díẹ̀,
ó ní kọ́bọ̀ mẹ́ta kọ́, kọ́bọ̀ mẹ́rin ni.
Nígbà tí mo kù díẹ̀ kí n dé ibi ulé, mo fẹ́ fò ó.
Ohùn mi ti ṣáájú mi débẹ̀.

Kò kọ́kọ́ sọ nǹkan kan.
Ó táwọ́ wá rédíò, ó yí i sílẹ̀.
"Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀wé," ló wí.
"Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ,
ọkùnrin yẹn nìkan ló ń kí mi ẹ kú àárọ̀ kí oòrùn tó yọ."
Ó dìde, ó ń fi ẹsẹ̀ wá bàtà rẹ̀ nílẹ̀.
"Mò ń wọ ulé lọ. Bá mi ti ilẹ̀kùn.
Kí lo pe orúkọ ẹni tó kọ ọ́?"

Mo ní Tanímọ̀la.
Ajá wa àtijọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.
Òun ló sọ ọ́.