Àtàǹpàkò Kì í Sùn Nínú Ilé

Morádéyọ̀, gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ wá,
jẹ́ kí n dì í fún ọ kí oòrùn tó wọ̀.
Lára ìró màmá mi ni mo ti ya báńdéèjì yìí,
mo ti fọ̀ ọ́ títí ó fi rọ̀ bí etí ewúrẹ́.
Ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́rùn ọwọ́. Ṣé ó há jù?
Sọ̀rọ̀. Ẹni tó há mọ́ tí kò wí
ni ìka rẹ̀ ń dúdú bí ìṣáwùrú.
Ó yá, a gba àárín ìka, a padà sọ́rùn ọwọ́.
Má mì. Ara rẹ ń gbóná jù.
Àpò tó so mọ́ igi máńgòrò yẹn kò níí sá lọ.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù fọkanáísà kan ní Tàkíé
ni èmi náà ti kọ́ ọ, lọ́dọ̀ Oyèdọkùn,
ọkùnrin kúkúrú tó ń lẹ táyà láàárọ̀,
tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́ṣẹ̀ẹ́ nírọ̀lẹ́.
Lọ́jọ́ kìíní ó ní, "Di ẹ̀ṣẹ́ kí n rí."
Mo dì í. Mo fi àtàǹpàkò sínú
bí ọmọ tuntun tí wọ́n wé láṣọ òtútù.
Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ta ló sọ fún ọ
pé ọdẹ a máa sùn sí yàrá onílé?
Mú un jáde. Kó dábùú ẹnu ọ̀nà,
kó dùbúlẹ̀ lórí ìlábẹ̀ àti ìka àárín."

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, gbogbo ayé mọ̀ ọ́n.
Bí wọ́n ṣe ń kó o jọ ni wọn kì í sọ.
Ìka ò dọ́gba: ká wọn látorí bí ẹni ń ká ẹní,
ẹní tó ká dáadáa kì í ní ihò láàárín.
Oríkèé ìlábẹ̀ àti ti àárín ni kó kọ́kọ́ débẹ̀,
kì í ṣe àwọn ọmọ kéékèèké ẹ̀yìn.
Kí ọrùn ọwọ́ nà gbọọrọ bí igi àjà;
bó bá tẹ̀, ara rẹ lo ju ẹ̀ṣẹ́ náà sí.
Kí ọwọ́ rọ̀ lójú ọ̀nà,
ìgbà tó bá dé ilé ni kó tó le.

Wo ìka kékeré mi. Wò ó dáadáa.
Oríkèé rẹ̀ ti rì bí ojú ọ̀nà tí àgbàrá wọ́.
Kì í ṣe ojú ìjà ni mo ti rí i o.
Lọ́dún tí mo kùnà ìdánwò,
Láògún ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ̀rọ̀ kan nílé
(mi ò ní tún un sọ fún ọ),
mo bọ́ síta, mo kan ògiri lẹ́ṣẹ̀ẹ́.
Láìdì. Láìwò. Ìka kékeré ló ṣíwájú.
Ògiri ò kí mi pẹ̀lẹ́.
Nọ́ọ̀sì wo fọ́tò egungun ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi,
ó ní, "Ta lo lù?" Mo ní, "Ilé wa."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nínú sìmẹ́ńtì funfun,
mẹ́ṣìn ìránṣọ mi ń wò mí, mo ń wò ó.
Aṣọ ilé ìwé ọmọ mọ́kànlá wà nílẹ̀,
ọjọ́ Ajé ni wọ́n ń wọlé.
Títí dòní, bí ọyẹ́ bá ti ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́,
ìka yẹn ló ń kọ́kọ́ mọ̀,
kí rédíò tó sọ, kí ètè ẹnikẹ́ni tó là.

Oyèdọkùn ò bá mi wí.
Ó lẹ táyà kan tán, kó tó la ẹnu:
"Ohun tó bá rọ̀, fún un lẹ́ṣẹ̀ẹ́: ikùn, ìhà.
Ohun tó bá le, àtẹ́lẹwọ́ ni tirẹ̀.
Iwájú orí èèyàn, òkúta ni Ọlọ́run fi mọ ọ́n.
Ògiri ńkọ́? Fi ẹ̀yìn tì í, kó o sinmi."

Ó ti tán. Na ìka. Ká a. Ó ń dùn ọ́? Kò dùn.
Àtàǹpàkò dà? Ẹn-ẹ́n, níta. Kó máa ṣọ́ ilé.
Má tíì lù ú kíkan.
Kàn án bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn àna rẹ̀
nígbà àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Lẹ́ẹ̀kan sí i.
Rọra o, ìró màmá mi nìyẹn,
ọwọ́ yìí náà lo sì máa fi kọ̀wé lọ́la.