Ìwé Àyẹ̀wò Jokhani

Ẹ̀rọ náà kò tóbi ju páálí bàtà lọ.
Bọ́ọ̀sì ló gbé e wá láti Kathmandu,
wákàtí mẹ́rìndínlógún, lórí itan ẹnìkan tó ń sùn.
Nígbà tí a tú u, èèpo ìrẹsì ń já bọ́ lára rẹ̀.
Dókítà Bimala ní, "Àlejò ti jẹun lójú ọ̀nà."

Iná ọba ń wá sọ́dọ̀ wa bí ọkọ oníyàwó mẹ́ta.
Mo ní kí wọ́n ra bátìrì kún un.
Wọ́n ní owó ẹ̀rọ wà nínú ìwé, owó bátìrì ò sí.
Ẹni tó fún ọ ní màlúù
tí kò fún ọ ní okùn.

Sugiya ló ń fi kẹ̀kẹ́ kó ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun bọ̀,
ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan, gbígbẹ, lórí bébà funfun.
Bí òjò bá dé, bébà ló ń ṣíji bò.
Ó ní, "Bí mo bá rẹ, màá gbẹ.
Bí èyí bá rẹ, ta ni yóò tún gún ọmọ ọlọ́mọ lẹ́sẹ̀?"

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni Jokhani dé, ó pọn Bejhu ọmọ ọmọ rẹ̀,
oríkèé ọwọ́ ọmọ náà wú.
Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò wọlé.
Ọgbọ̀n ọdún ni kò ti wọlé ẹnikẹ́ni
àfi bí wọ́n bá pè é lẹ́ẹ̀mejì.
Ọmọ mẹ́ta ló sin sétí igbó;
ojú èyí tó gbẹ̀yìn pọ́n bí àtalẹ̀ pupa kó tó pa á dé.
Abúlé ní àjẹ́ ni.
Ọkọ rẹ̀ ní bóyá.
Bóyá yẹn ló dùn ún jù.

Mo gún un níka. Mo ránṣẹ́ pe Khusiram ọkọ rẹ̀,
ó rò pé owó arúgbó ni, ó wẹ̀, ó wọ fìlà.
Mo gún òun náà.

Báwo ni n óò ṣe sọ ọ́?
Mo ní: ara yín ìwé gígùn ni.
Lẹ́tà kan ló yí nínú rẹ̀, ẹyọ kan péré,
bí ìgbà tí àmì orí ọ̀rọ̀ yí, tí ọkọ̀ di ọkọ́:
ohun tó yẹ kó máa gbé ọ, ó wá ń gbẹ́ ọ.
Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó rí rìbìtì, ó tẹ̀ bí dòjé.
Ẹni tó ní ẹyọ kan kò níṣòro;
òun ni kò jẹ́ kí ibà igbó Terai run àwọn baba ńlá yín
níbi tí àlejò kò gbọdọ̀ sùn mọ́jú.
Ṣùgbọ́n bí tìyá bá pàdé tì baba lára ọmọ...

Khusiram wo bébà. Kò mọ̀wé.
"Èwo ni tèmi?" Mo fi hàn án.
"Èwo ni tirẹ̀?"
"Ọ̀kan náà ni."
Ó ṣí fìlà. A gbọ́ ìró fáànù,
ìyẹn ni pé iná wà lọ́jọ́ náà.

Oògùn Bejhu tó oṣù méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, a ń kọ̀wé.
Lẹ́tà kan pa ọmọ mẹ́ta;
lẹ́tà mọ́kànlá la ti kọ síjọba,
kò tíì sí èyí tó yí nǹkan kan.

Jokhani kò sunkún. Ó wọlé, ó jókòó lórí àga mi.
Ó ní kí n tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé náà,
òǹtẹ̀ pupa, ńlá, tí gbogbo abúlé yóò rí.
Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo la ní, èyí tí a fi ń gba ẹrù:
Ó PÉ. KÒ LÁBÀWỌ́N.
Mo tẹ̀ ẹ́.