Ẹni Tó Ń Pín Ojúlé

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi gun kẹ̀kẹ́ ìjọba
káàkiri Abẹ́òkúta, láti Sápọ́n dé Kémta, láti Aké dé Ìbarà,
tó ń pín lẹ́tà níbi tí ojúlé kì í tẹ̀lé ara wọn:
ojúlé kẹfà kọjú sí ìkejìlélógún,
ojúlé keje wà lẹ́yìn àpáta, ewúrẹ́ nìkan ló mọ ọ̀nà rẹ̀.
Kò ṣi lẹ́tà pín rí. Ó ní orí lòun fi ń ka ilé.

Èmi ọmọ rẹ̀, inú ilé kan ṣoṣo ni mo ti ń pín tèmi.
Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo kọ́kọ́ kọ ọ́ sí:
fóònù Ìbídùn, àádọ́ta;
tẹlifíṣọ̀n pálọ̀, mọ́kànléláàádọ́ta.
Ọwọ́ ni mo fi tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan,
bí ẹni ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sára ògiri.
Ó dára, títí àlejò fi dé.
Ọ̀rẹ́ Lékè jókòó, fóònù tirẹ̀ náà ní àádọ́ta lòun.
Ẹni méjì ń jẹ́ orúkọ kan lẹ́nu ọ̀nà kan,
Ìbídùn ń pariwo nínú yàrá:
"Fọ́ọ̀mù mi o! Aago mẹ́wàá ni wọ́n ń tilẹ̀kùn!"

Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan wà lábẹ́ ibùsùn,
bọ́tìnì kan ti yọ, ojú rẹ̀ ti sán.
Mo nù ún, mo fa wáyà sí i,
mo gbé e lé orí fìríìjì tí kò tutù mọ́.
Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná wá, mi ò sùn.
Mo kọ ọ́ fún un: láti àádọ́ta dé ọgọ́rùn-ún, ìwọ lo ni ín,
máa yá wọn ní wákàtí méjìlá méjìlá,
kí o sì máa kọ orúkọ sílẹ̀.
Ó kọ̀, kò jí.
Àmì kan ni mo gbàgbé níparí ìlà,
kò tó ẹsẹ̀ eèrà.
Mo fi sí i. Ó jí.

Àṣé àpótí kékeré tó ń ṣẹ́jú lára ògiri
ti ń pín ojúlé látọjọ́ tó ti dé.
Ọba kì í pé méjì láàfin.
Ìdajì ilé gba tọ̀hún, ìdajì gba tèmi, kò sẹ́ni tó gbọ́ ẹnìkejì.
Aago méjì òru lu kí n tó rí ibi tí wọ́n ti ń pa á lẹ́nu mọ́.

Ìgbà náà ni lẹ́tà funfun bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lójú dúdú.
Fóònù kan wọlé, kò mọ ẹnì kankan, ó ké sí gbogbo ilé:
— Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń pín àyè níbí?
— Èmi ni. Ṣé ẹ̀tàdínlọ́gọ́ta tẹ́ ọ lọ́rùn?
— Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ fún mi.
— Ó di tìrẹ títí ilẹ̀ á fi mọ́.
Kò sí owó ajẹ́ǹtì. Kò sí lọ́yà.

Ní ọjọ́ kẹta, bàbá wọ awò, ó fi ìka tọ orúkọ kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ.
"Ṣówándé, mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó ku wákàtí mẹ́ta."
A wo ara wa.
Ayálégbé yàrá ẹ̀yìn nìyẹn, tó ti kó lọ láfẹ̀mọ́júmọ́
pẹ̀lú owó ilé oṣù mẹ́rin lọ́rùn rẹ̀.
Ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀, hángà kan ń mì lára ìṣó.
Nígbà tó di ọ̀sán, orúkọ rẹ̀ pòórá láìsí ìjà.
"Ẹ̀rọ yìí kò mọ gbèsè," ni bàbá wí, ó sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ó padà, ó na fóònù rẹ̀ sí mi,
èyí tó ti ń kọ̀ láti ọdún yìí wá.
"Fún mi ní ojúlé."
Mo ní èmi kọ́ ni mò ń fún èèyàn mọ́, kí wọ́n sáà tàn án.
Wọ́n tàn án. Wọ́n wò ó títí.
"Mọ́kànlélọ́gọ́ta," ni wọ́n ní.
"Ìgbẹ̀in nìyẹn wà. Ajá wọn máa ń lé mi."