Kí Ó Tó Tún Tàn

Iyùn tí ẹ ń so mọ́rùn, òkú ni.
Tèmi ń mí.
Ó wà nínú àpótí dígí ní pálọ̀ Dókítà Wẹsu,
lójú ọ̀nà Ajárá, l'Ágbádárìgì,
níbi tí a ti ń gbọ́ òkun lóru,
ṣùgbọ́n iyanrìn lásán ni ìsàlẹ̀ òkun tiwa.

Ilẹ̀ òkèèrè ni iyùn yìí ti wá, nínú ọ̀rá, nínú páálí,
ó ń wá oòrùn tó fi sílẹ̀.
Èmi ni mo ń dá oòrùn náà fún un
láti aago mọ́kànlá àárọ̀ títí di aago méje alẹ́.

Zannu ló kọ́ mi ní yíyan gílóòbù háláìdì.
Ó ní, "Ẹgbàárùn-ún Kẹ́lífìn, ọ̀sán gangan nìyẹn,
iyùn á dàgbà, ṣùgbọ́n ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí àgbàdo tútù.
Ọ̀kẹ́ kan, aró ni. Ó dùn-ún wò lójú àlejò,
ebi ló sì ń pa iyùn lábẹ́ rẹ̀."
Dókítà fẹ́ aró. Iyùn fẹ́ ọ̀sán.
A bá wọn parí ìjà sí ẹgbàáje.

Má fi ọwọ́ lásán kàn án.
Òróró ìka rẹ, tí ìwọ gan-an kò rí,
ni yóò jó mọ́ ọn lára, tí yóò là á.
Aṣọ funfun ni mo fi ń dì í mú
bí ẹni gbé ọmọ tí a kò tíì sọ lórúkọ.
Iyọ̀ ń gòkè láti inú omi, díẹ̀díẹ̀,
ó ń lẹ̀ mọ́ dígí ààbò;
ní gbogbo Sátidé mo ń pa iná, mo ń jẹ́ kó tutù, kí n tó nù ún.
Dígí yẹn, má yọ ọ́ láéláé:
ìtànṣán tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a máa sun ojú.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni ti Nẹ́pà.
Wọ́n mú iná lọ ní aago kan,
wọ́n dá a padà kí n tó rí okùn jẹnẹrétọ̀ fà.
Fáànù yí. Tẹlifíṣọ̀n ilé kejì pariwo.
Báláàsì ń kùn bí oyin nínú igbá,
gílóòbù kò dáhùn.
Mo tàn án, mo pa á, mo tún tàn án.
Zannu rẹ́rìn-ín lórí fóònù títí ikọ́ fi mú un:
"Inú rẹ̀ ṣì gbóná. Fi í sílẹ̀.
Iná ti dé, òun ni kò tíì dé.
Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lọ jẹun."

N kò lọ jẹun. Mo jókòó,
mo ń wo iyùn tó ń káwọ́ wọlé, ìka kan lẹ́yìn ìka kan,
mo sì rántí Sẹ̀námì, àbúrò mi,
tí mo bẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo,
tí mo tún ń bínú pé kò dá mi lóhùn.

Ó tàn. Ó kọ́kọ́ pọ́n bí ojú ẹni tó sunkún,
ó di àwọ̀ ewé, ó wá funfun.

Ọdún kan ni mo ń lò ó. Kì í kú, ó máa ń ṣá ni.
Ojú tèmi tìrẹ kò ní mọ̀. Iyùn á mọ̀.
Mo fi bírò kọ ọjọ́ tí mo so ó sára páálí rẹ̀:
ọjọ́ kẹta, oṣù Ẹrẹ́nà.
Tí mo bá so tuntun, màá gbé e ga níwọ̀n apá kan,
màá máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ìka kan, ọ̀sẹ̀ kan,
nítorí oòrùn òjijì a máa sọ iyùn di funfun bí eegun.

Lálẹ́ àná mo pe Sẹ̀námì.
Kò gbé e.
Mo nu dígí.