Aago Simbiatu

Wọ́n tún ti sún un síwájú.
Lẹ́tà dé láti bárékè, òǹtẹ̀ pupa,
ìlà mẹ́ta péré: adájọ́ ológun kan ti fẹ̀yìn tì,
ẹ ní sùúrù di ìgbà tí a bá yan òmíràn.
Bàbá ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kejì.
Mo kà á. Kò gùn sí i.

Ọdún kọkànlá rèé tí àdó olóró bú ní gáréèjì yẹn
níbi tí agùnbánirọ̀ wa ti ń dúró de ọkọ̀ tí yóò gbé e wálé.
Òkú rẹ̀ dé Ẹ̀pẹ́, a sin ín ní Òkè-Bàlógun.
Aago ọwọ́ rẹ̀ ni kò dé:
ẹ̀rí ni, wọ́n ní, inú ọ̀rá ló wà, ó ní nọ́ńbà.
Ìyá wa dúró de ẹjọ́ títí ó fi jókòó,
ó jókòó títí ó fi dùbúlẹ̀.
A ti sin òun náà.

Ọ̀sà ń kún, ó ń fà.
Bàbá ń so ojú àwọ̀n tó já, ojú kan, ojú kan,
kò fọhùn títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ìgbà tó yá ló bi mí, bí ẹni ń bèèrè iye ẹja:
"Ǹjẹ́ ẹnì kankan níbẹ̀
tilẹ̀ ń bá wa pààrọ̀ bátìrì ẹ̀?"