Ilé Tí Kò Tíì Nílẹ̀

Èmi ni mo ń ya fọ́tò ilé tí kò sí.
Ọdún mẹ́tàlá rèé nínú yàrá kótópó yìí,
lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán-ilé ní Valparaíso,
níbi tí òkè ti gun òkè léjìká,
tí òkun ń wò wọ́n látìsàlẹ̀ bí ẹni tó wá sin gbèsè.
Aṣọ dúdú kan lára ògiri, iná méjì,
kámẹ́rà tí okùn ọrùn rẹ̀ já, tí mo fi okùn bàtà so.

Lọ́dún yìí òjò wọ gbọ̀ngàn ìpàtẹ.
Ilé tí wọ́n ti ń kọ́ni ní òrùlé ló ń jò!
A rẹ́rìn-ín, a gbé garawa sí i.
Ọ̀gá ní ká kó iṣẹ́ gbogbo wọn sórí íńtánẹ́ẹ̀tì,
káyé wò ó níbẹ̀.
Ni wọ́n bá tò sẹ́nu ọ̀nà mi,
oníkálukú gbé ilé lé àtẹ́lẹwọ́
bí ẹni gbé ẹyin.

Ilé ìwòsàn àwọn ẹyẹ òkun ni ti Rayén;
igi ìṣáná ló fi ṣe òpó rẹ̀, mo kà á,
ọ̀tàlénígba ó lé mẹ́ta.
Ọmọkùnrin kan, mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀,
gbé yàrá funfun kan wá, fèrèsé kan péré.
Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀.
Ó ní, "Ẹkún."
Mo pa iná kan fún un. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Eloísa Quilodrán ló dé kẹ́yìn.
Ilé ìyá-ìyá rẹ̀ ló tún kọ́,
èyí tí iná jó lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ya wèrè lórí òkè.
Àtẹ̀gùn méjìléláàádọ́fà,
báńkóní tó na ọrùn sókun,
igi ọsàn oníbébà kan, kò ju èékánná lọ.

Mo yà á. Mo gbé e sókè.
Kílẹ̀ tó mọ́, ẹgbẹ̀rún ojú ti wọ ilé náà láìbọ́ bàtà.
Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ;
níbí, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá,
wọ́n á wá wo ilé lóréfèé.

Ìyá àgbà nìkan ni kò yìn ín.
Ó gba fóònù, ó fi ìka méjì fẹ ilé náà lójú,
ó wọ ilé ìdáná, ó yí ká, ó jáde.
Ó ní, "Ó dáa o. Ibo ni n ó ti máa sá aṣọ?
Ibo ni Hortensia yóò dúró sí pè mí?
Ògiri lo fi síbẹ̀, ọmọ mi.
Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń gbà kọjá.
O kọ́lé fún òkun. Èmi ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì ọmọ náà wọlé, ojú rẹ̀ wú,
kò jókòó, ọ̀bẹ ló bèèrè.
Lórí tábìlì mi ló ti dá ògiri náà lu,
fèrèsé wọ́gọwọ̀gọ kan;
ó ta òwú láti ibẹ̀ dé etí àtẹ,
ó gé yẹ̀rì kan, aṣọ ìnura méjì, ó sá wọn.
Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ tí mo fi tún un yà.

Àwòrán kejì yìí kò rí ojú púpọ̀.
Olùkọ́ kan ní òwú yẹn ba ilé jẹ́.
Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé lókè lọ́hùn-ún, nínú àgọ́,
ìyá kan ń gbé fóònù kiri,
ó ń fi ìka kan sójú fèrèsé,
ó ń pe Hortensia.