Ìka Kiyohiko

Ọmọ ọdún mẹ́ta àbọ̀ ni nígbà tí bàbá rẹ̀ gbé e wá
nínú yìnyín oṣù kejì,
ó fi kóòtù ara rẹ̀ dì í bí ẹni di ẹyin.
Ó ní, "Olùkọ́ Tazuko, n kò bí àkàndá.
Ọmọ lásán ni mo bí. Ẹ bá mi sọ ọ́ di àkàndá."
Ó tẹrí ba. Omi yìnyín ń kán láti irun rẹ̀ sórí ẹní mi.

Mo gbé pátákó ìṣirò síwájú ọmọ náà,
ọ̀pá mẹ́tàlélógún, ìlẹ̀kẹ̀ márùn-ún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.
Ó lá a.
Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀.

Wákàtí méjì kí ilẹ̀ tó mọ́,
wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́,
ọjọ́ ọdún kò yàtọ̀, ọjọ́ ibà kò yàtọ̀.
Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́jọ, mo gba pátákó lọ́wọ́ rẹ̀,
ìka rẹ̀ sì ń ta ìlẹ̀kẹ̀ tí kò sí nínú afẹ́fẹ́.
Mo ń pe nọ́ńbà bí ẹni tí ajá ń lé,
ìdáhùn ti dé ẹnu rẹ̀ kí n tó mí.
Gbogbo Shimane ní, "Àbímọ́ ni!
Ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú,
kékeré ló ti ń ṣẹnu ṣámúṣámú."
Inú bí bàbá rẹ̀.
"Àbímọ́ kẹ̀? Èmi tí mo ń jí i!"

Ọdún yẹn náà ni Fumie dé, ọmọ alátùnṣe agbòòrùn.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án: igi ti gbó, ta ni yóò tẹ̀ ẹ́?
Ó wá nítorí pé ààrò mi gbóná ju tilé wọn lọ.
Lọ́sẹ̀ yìí ó wá, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ò rí i.
Àròpọ̀ rẹ̀ ń ṣìnà bí ewúrẹ́ tó já okùn.
Lọ́jọ́ kan ó kọjú kúrò lójú fèrèsé, ó ní,
"Olùkọ́, tí mo bá kọ nọ́ńbà kan,
tí mo wá kọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá síwájú,
tí mo yọ kékeré kúrò nínú ńlá,
kí ló dé tí ẹẹ́sàn-án fi ń pín ohun tó kù láìṣẹ́kù?"

Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.
Tíì tí mo ń dà kún ife, ó dà sórí tábìlì.
Mo sì sọ fún un, kí ọ̀run dárí jì mí,
pé kó jókòó dáadáa, kó parí àròpọ̀ rẹ̀.

Kiyohiko gba ife ẹ̀yẹ ní Matsue lẹ́ẹ̀mẹ́ta.
Ó ku díẹ̀ kó pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá
ni mo bá pátákó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi,
ó fi ìwé ìròyìn wé e, kò kọ ọ̀rọ̀ kankan sí i.
Ọkọ̀ ojú irin ló ń wà báyìí.
Wọ́n ní kò pẹ́ rí, ìṣẹ́jú kan ṣoṣo.

Lánàá a sìnkú bàbá rẹ̀.
Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo kúnlẹ̀ sí, mo rí ìka rẹ̀ lórí orúnkún.
Èmi mọ ìka kà bí ẹlòmíràn ṣe ń ka ìwé:
wákàtí márùn-ún, lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún ó lé márùndínláàádọ́rin,
lọ́nà ọdún mẹ́wàá.
Ó dé ìdí rẹ̀. Ìka dúró.
Lẹ́yìn náà ó fi àtẹ́lẹwọ́ gbá gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ nù
bí ẹni nu èérún oúnjẹ kúrò lórí tábìlì.
Bóyá gbèsè ló ń ṣírò, bóyá ọpẹ́,
ìka kì í sọ ìyẹn.

Òjò ń rọ̀. Lẹ́nu ọ̀nà,
Fumie tó ti ń hewú ń gba agbòòrùn lọ́wọ́ àwọn àlejò,
ó ń tò wọ́n lọ́nà kan tí n kò rí rí,
ó tú u ká, ó tún un tò, ó rẹ́rìn-ín sínú.
Mo ti darúgbó. Orúnkún ń dùn mí.
Mo rọra dìde, mo lọ bi í pé kí ló ń ṣe.